Ọ̀gá Kékeré, Ẹrù Ńlá



Ìyá kan tí ó ti ń ka ìwé ìròhìn yìí láti ìgbà èwe rẹ̀ kọ̀wé sí wa ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹni ọdún 24, ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun tí ó wà ní Kàdúná, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1964. A ti fi ìràwọ̀ kan sí èjìká rẹ̀, a sì ti fi ọkùnrin bí 30 sí abẹ́ rẹ̀. Inú ilé dùn, a pa ẹran, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n kò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí ìwé ọmọ yìí dé, ayọ̀ ìyá sì dínkù. Ọmọ náà wí pé: “Ìyá mi, sájẹ́ǹtì tí ó wà lábẹ́ mi ti wà nínú iṣẹ́ ogun láti ìgbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó ń dúró ṣánṣán níwájú mi, ó sì ń pè mí ní ‘Sà,’ ṣùgbọ́n mo mọ̀ nínú ara mi pé èmi ni ó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀ fún un. Bí mo bá fẹ́ pàṣẹ, ohùn mi a máa gbọ̀n.” Ìyá náà wá ń béèrè lọ́wọ́ wa ohun tí òun yóò fi dá ọmọ òun lóhùn.

A kò ṣe iṣẹ́ ogun rí. Gègé ìkọ̀wé àti kíkọ́ àwọn ọmọ ìjọ ni a ti fi lo ọjọ́ ayé wa. Síbẹ̀ a kò lè fi ìbéèrè yìí sílẹ̀ láìdáhùn, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ni ọmọ ti wọ iṣẹ́ yìí lọ, àti nítorí pé àwa náà ti ṣubú rí ní irú ọ̀nà tí ọmọ yìí ń rìn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹrù náà gbé wúwo. Ní ilẹ̀ wa, ọjọ́ orí ni ìpìlẹ̀ ọ̀wọ̀. Ọmọ tí a kọ́ ní ilé rere kì í pe àgbà ní orúkọ, kì í sì í rán àgbà ní iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí a fi ìràwọ̀ sí èjìká rẹ̀, a wí fún un pé kí ó máa rán àgbà ní iṣẹ́, kì í sì í ṣe iṣẹ́ omi pípọn, bí kò ṣe iṣẹ́ tí ènìyàn lè má padà bọ̀ láti ibẹ̀. Lẹ́yìn èyí, àwọn ọ̀gá ńlá wà lókè rẹ̀, àwọn ọmọ-ogun sì wà nísàlẹ̀, òun sì wà láàárín bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a fà ní ìhà méjèèjì. Balógun ọ̀rún tí ó tọ Olúwa wá ní Kápánáúmù mọ ipò yìí dájú, nítorí òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun wà lábẹ́ àṣẹ, àwọn mìíràn sì wà lábẹ́ òun. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí ohun tí ó gbé e wá: kì í ṣe nítorí ara rẹ̀ ni ó fi wá, nítorí ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí ó dùbúlẹ̀ àìsàn ni. Nínú èyí ni gbogbo ohun tí a ní láti sọ lónìí wà. A kò fi ọmọ-ogun jẹ ẹnikẹ́ni níyà oyè. A fi ẹ̀mí wọn sí ìtọ́jú rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi “àwa” sílẹ̀ díẹ̀, kí n sì wí “èmi,” nítorí ẹ̀bi tí mo fẹ́ ròhìn yìí jẹ́ tèmi nìkan. Nígbà tí mo jẹ́ ẹni ọdún 23, a fi mí ṣe olórí ní ilé ìkẹ́rù kòkó kan. Ìwé tí mo mọ̀ ni ó gbé mi dé ibẹ̀. Òṣìṣẹ́ 11 ni ó wà lábẹ́ mi, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí kò jù mí lọ. Bàbá kan wà láàárín wọn tí ó ti ń wọn kòkó kí a tó bí mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo rí i pé ó ṣi ìwọ̀n àpò méjì kọ sínú ìwé. N kò pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo gbé ìwé náà sókè, mo bá a wí lójú gbogbo àwọn àgbẹ̀ tí ó gbé kòkó wá, mo sì fi kún un pé kò sí iṣẹ́ níbẹ̀ fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́. Bàbá náà kò jiyàn. Ó ní, “Ó dára, Ọ̀gá.”

Láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo wọn ṣe ohun gbogbo tí mo wí, wọn kò sì ṣe ohunkóhun tí n kò wí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, a kó 40 àpò kòkó sí ìta de ọkọ̀ tí yóò kó wọn, èmi sì wọ inú yàrá lọ láti kọ ìwé. Òjò ṣú. Gbogbo wọn rí i. Bàbá náà, tí ó mọ òjò bí ó ti mọ orúkọ ara rẹ̀, rí i pẹ̀lú. Kò sí ẹni tí ó kan ilẹ̀kùn mi. Nígbà tí mo gbọ́ ariwo òjò lórí páànù tí mo sáré jáde, mo bá wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, àwọn àpò sì wà nínú àgbàrá. Mo kígbe pé, “Èé ṣe tí ẹ kò gbé wọn wọlé?” Ọ̀kan nínú wọn dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, “Ọ̀gá kò tíì wí fún wa.”

Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo lọ sí ilé bàbá yìí, mo sì dọ̀bálẹ̀. Ó jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ ní ilẹ̀ kí ó tó ní kí n dìde. Ó wí pé, “Ìwọ̀n náà, èmi ni mo ṣì í kọ. Bí o bá ti wí fún mi ní kọ̀rọ̀, ǹ bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ìwọ ni ọ̀gá, n kò bá ọ du ú. Ṣùgbọ́n ojú tí o fi bú mi yẹn ni mo fi ń bá ọ wo òjò.” Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, n kò sì tíì gbàgbé rẹ̀. Kòkó ni ó bàjẹ́ ní ọ̀dọ̀ tèmi. Ní ọ̀dọ̀ ológun, ẹ̀mí ni yóò bàjẹ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀gá kékeré kan tí ẹrù yìí wúwo fún jù bí ó ti wúwo fún ọmọ ìyá wa yìí lọ. Orúkọ rẹ̀ ni Walter Tull. A bí i ní ìlú Folkestone ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 1888. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá rẹ̀, ẹni tí ó ti erékùṣù Barbados wá, tí àwọn òbí rẹ̀ sì ti ìdílé ẹrú wá. Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀. Kí ọmọ náà tó pé ọdún 10, ìyá ti kú, bàbá sì ti kú, a sì mú òun àti Edward ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ilé ìtọ́jú ọmọ òrukàn ti Ìjọ Elétò ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Ó dàgbà, ó sì di agbábọ́ọ̀lù. Ẹgbẹ́ Tottenham Hotspur gbà á ní ọdún 1909. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Northampton, ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún wọn ní ìgbà tí ó lé ní 100. Ní ọdún 1909 yìí kan náà, àwọn òǹwòran kan ní Bristol bú u kíkankíkan nítorí àwọ̀ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi èébú san èébú.

Nígbà tí ogun àgbáyé ìkíní bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1914, ó wọ ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Middlesex kan tí a kó jọ láti inú àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì gòkè di sájẹ́ǹtì. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1916, ìrọ́kẹ̀kẹ̀ àgbá àti ikú ojoojúmọ́ da ọkàn rẹ̀ rú, a sì gbé e padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìtọ́jú. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó tún padà sí ojú ogun. Òfin àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà kò fẹ́ kí a fi ẹni tí kì í ṣe àtọmọdọ́mọ òyìnbó ṣe ọ̀gá. Síbẹ̀, nígbà tí ó di ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 1917, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Scotland, a fi í ṣe sékọ́ńdì lẹ́fútẹ́náǹtì, ọ̀kan nínú àwọn ẹni dúdú àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà nínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ fi ojú inú wò ó. Ọmọ òrukàn, ọmọ-ọmọ ẹrú, dúró níwájú àwọn ọkùnrin tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì gba àṣẹ lẹ́nu ẹni dúdú rí. Bí ohùn ẹnikẹ́ni bá ní ìdí láti gbọ̀n, tirẹ̀ ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1918, ní ilẹ̀ Ítálì, a rán an kọjá odò Piave pẹ̀lú ọkùnrin 26 láti lọ kọlu ibùdó ọ̀tá ní òru. Òtútù mú gidigidi, omi ń sáré, ọ̀tá sì ń yìnbọn. Ó kó wọn lọ, ó sì kó gbogbo wọn padà bọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo kò fi ara pa. Ọ̀gágun Lawford kọ̀wé yìn ín fún ìgboyà àti ìfarabalẹ̀ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún náà, ní ilẹ̀ Faransé, nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Jámánì ya lù wọ́n, ọta ìbọn bá a, ó sì kú ní ẹni ọdún 29. Àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ ń padà sẹ́yìn lọ́wọ́ ọ̀tá nígbà náà, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ fi òkú rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Billingham, tí ó ti jẹ́ aṣọ́lé nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Leicester, gbìyànjú láti wọ́ ọ padà lábẹ́ òjò ọta, kò sì ṣeé ṣe. A kò mọ ibojì rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni ó wà lára ògiri ìrántí ní Arras. Ẹ̀yin ará, ìwé ọba ni ó fi Walter Tull ṣe ọ̀gá. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé ọba tí ó lè mú ènìyàn kọ ojú sí ọta nítorí òkú ọ̀gá rẹ̀. Ọwọ́ àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ ni irú ọlá bẹ́ẹ̀ ti ń wá.

Báwo ni ọ̀gá kékeré ti ń rí i gbà? Iṣẹ́ lẹ́fútẹ́náǹtì nínú yàrà ogun ìgbà náà kì í ṣe idà yíyọ lójoojúmọ́. Wíwo ẹsẹ̀ ni. Omi àti ẹrẹ̀ a máa mú kí ẹsẹ̀ rà nínú bàtà, nítorí náà ọ̀gá yóò wo ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sì rí i pé wọ́n fi òróró ẹja àbùùbùtán pa á, àti pé wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ. Òun ni ó ń ka ìwé tí wọ́n ń kọ sí ilé kí a tó fi ránṣẹ́, kí àṣírí ogun má bàa tú. Bẹ́ẹ̀ ni ó fi ń mọ ẹni tí aya rẹ̀ ń ṣàìsàn àti ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ fún. Bí ọ̀kan bá sì kú, òun ni yóò kọ̀wé sí ìyá rẹ̀. Ipò rẹ̀ kò sì dá ẹ̀mí rẹ̀ sí: nínú ogun náà, nǹkan bí 12 nínú 100 ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì ni ó kú, ṣùgbọ́n nínú àwọn ọ̀gá, nǹkan bí 17 nínú 100 ni. Ní Sandhurst, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn ọ̀gá ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ àkọlé wọn ni pé kí ènìyàn sìn, kí ó lè ṣe olórí.

Ní ti sájẹ́ǹtì yẹn, kí ọmọ wa rántí pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Sájẹ́ǹtì ni ó ni àkísà. Ó ti rí òjò tí ọmọ wa kò tíì rí. Kí ó pè é sí kọ̀rọ̀ ní alẹ́, kí ó sì bi í pé, “Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, báwo ni ẹ̀yin yóò ti ṣe é?” Kí ó gbọ́ ọ títí dé òpin. Lẹ́yìn náà kí ó pinnu fúnra rẹ̀, kí àṣẹ sì ti ẹnu tirẹ̀ jáde, nítorí ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Iṣẹ́ ẹnì kìíní kò lè rọ́pò ti ẹnì kejì. Bí ó bá yọrí sí rere, kí ó fi ìyìn fún sájẹ́ǹtì lójú àwọn ọmọ-ogun. Bí ó bá yọrí sí ibi, kí ó wí níwájú àwọn ọ̀gá ńlá pé òun ni òun pàṣẹ. Bí ó bá sì ní ìbáwí fún un, kí ó ṣe é ní ìkọ̀kọ̀. Mo ti san owó ẹ̀kọ́ yìí ní 40 àpò.

Ṣùgbọ́n kí ó ṣọ́ra fún ọ̀fìn kejì tí ó wà ní òdìkejì ọ̀nà. Ọ̀dọ́mọdé mìíràn, nítorí ìtìjú àti pàṣẹ fún àgbà, a máa sọ ara rẹ̀ di ọ̀rẹ́ gbogbo ènìyàn. A máa bá wọn ṣe àríyá ní alẹ́, a máa fi èdè ìlú rẹ̀ ya àwọn kan sọ́tọ̀, a sì máa fi iṣẹ́ líle lé àwọn tí kò gbọ́ èdè náà lọ́wọ́. Ọ̀gá tí ó ní ààyò kò ní ọmọ-ogun mọ́. Ààyò rẹ̀ nìkan ni ó kù fún un.

Ẹrù kan ṣì kù, òun ni ó sì wúwo jù lọ: èyíinì ni àṣẹ búburú. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àṣẹ ni ó tọ́, bí ó tilẹ̀ korò, a sì gbọ́dọ̀ ṣe é. Bí ọ̀gá kékeré bá rí àṣìṣe nínú rẹ̀, kí ó lọ bá ọ̀gá tí ó jù ú lọ ní ìkọ̀kọ̀, kí ó sọ ọ́ kedere, kí ó sì ṣe ohun tí a bá fi ẹnu kò sí. Ṣùgbọ́n àṣẹ mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni kò ní ẹ̀tọ́ láti pa. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 1968, ní abúlé My Lai ní ilẹ̀ Vietnam, àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà pa àwọn ará abúlé tí kò ní ohun ìjà lọ́wọ́, arúgbó, obìnrin, àti ọmọ ọwọ́. Iye tí ìwádìí àwọn ará Amẹ́ríkà kà jẹ́ 347. Iye tí àwọn ará Vietnam kà jẹ́ 504. Lẹ́fútẹ́náǹtì William Calley, ẹni ọdún 24, ni ó jẹ́ ọ̀gá fún ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tí ó wọ abúlé náà. Hugh Thompson, òun náà ẹni ọdún 24, tí ipò rẹ̀ kéré sí ti Calley, ń wa hẹlikópítà lókè wọn. Nígbà tí ó rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ sí àárín àwọn ọmọ-ogun àti àwọn ará abúlé tí ń sá. Ó wí fún àwọn méjì tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ pé bí àwọn ọmọ-ogun bá yìnbọn lu àwọn ènìyàn wọ̀nyí, kí wọ́n yìnbọn padà sí wọn. Báyìí ni a ṣe gba àwọn tí ó sá sí kòtò kan là.

Calley wí ní ilé-ẹjọ́ àwọn ológun pé àṣẹ ọ̀gá òun ni òun tẹ̀lé. Ilé-ẹjọ́ kò gba àwáwí náà; ní ọdún 1971 ó dá a lẹ́bi fún pípa ènìyàn tí kò dín ní 22. Ní ti Thompson, àwọn kan ní ilẹ̀ rẹ̀ pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Ní ọdún 1998, ìjọba fi àmì ẹ̀yẹ bu ọlá fún òun àti àwọn méjì náà nítorí àwọn tí wọ́n gbà là, ọ̀kan nínú àwọn méjì sì ti kú kí ọjọ́ náà tó dé. Ọjọ́ orí kan náà, ọjọ́ kan náà, abúlé kan náà. Àwọn baba wa wí pé, bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a fi ti ọmọ jẹ́ ẹ. Ẹnì kìíní jẹ́ ẹ bí ẹrú. Ẹnì kejì rántí pé ẹ̀mí ni a fi sí ìkáwọ́ òun, àti ti ọmọ-ogun àti ti àjèjì.

Ìyá wa ọ̀wọ́n, ó kù sí ọwọ́ yín. Ẹ má ṣe fún ọmọ yín ní ọrùn nítorí owó, nítorí ọ̀gá tí ilé ń béèrè ohun tí ó ju owó oṣù rẹ̀ lọ, ojú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí yà sí ohun tí í ṣe ti àwọn ọmọ-ogun rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ìyangàn yín pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní lè jẹ́wọ́ ẹ̀rù fún yín. Ẹ rántí pé a ti gbé Walter Tull kúrò ní ojú ogun rí nítorí ọkàn rẹ̀ tí ó dàrú, kò sì ba ọlá rẹ̀ jẹ́. Ọ̀gá kékeré kò lè sọkún lójú àwọn ọmọ-ogun rẹ̀. Kí ó rí ilé kan tí yóò ti sọkún.

Ní ti ohùn tí ń gbọ̀n, ẹ wí fún un pé kò sí ibi kan nínú rẹ̀. Ó ń gbọ̀n nítorí ó mọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó bẹ̀rù ọjọ́ tí ohùn rẹ̀ kò ní gbọ̀n mọ́ rárá nígbà tí ó bá ń rán ọmọ ọlọ́mọ lọ sí ibi ikú. Kí ẹ sì fi ìbéèrè kan ṣoṣo parí ìwé yín: kí ni orúkọ àwọn ọmọ sájẹ́ǹtì náà? Bí ó bá mọ̀ wọ́n, ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Bí kò bá mọ̀ wọ́n, kí ó lọ béèrè ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kí òjò tó ṣú.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.